Lọ Yí Ọjà Ká Kí O Padà Wá: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí À Ń Fi Ìwé Kíkọ Jẹun

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé sọ ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nìyí. Àwọn kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn tí ò ráyè wá, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú oòrùn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti Kétu wá, ẹ kú ìrìn, ọ̀nà yẹn ò kéré. Ẹ̀yin ará Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́ tí ẹ gbà wá lálejò, a dúpẹ́, ilé yín ò ní dàrú. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni èmi, ẹ máa gbọ́ ọ nínú bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń fi ìwé kíkọ jẹun, kò sí ọ̀gá tó ń sanwó oṣù fún mi, èmi fúnra mi ni mò ń wá oníbàárà kiri, mo kọ ọ̀rọ̀ fún iléeṣẹ́ yìí lónìí, mo ṣe ògbufọ̀ fún tọ̀hún lọ́la, tí wọ́n bá sanwó a jẹun, tí wọn ò bá tíì san án a ní sùúrù. Ohun tí wọ́n ń pè ní fíríláǹsì nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó gun zẹ́mì, alùpùpù akérò yẹn, wá síbí, ọ̀kan nínú yín fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ ṣì wà nínú nǹkan yìí báyìí, àbí kí n yáa lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́?" Mi ò tíì dá a lóhùn. Kì í ṣe pé mo fojú di ìbéèrè náà o, mo mọ ohùn yẹn ni, ohùn ẹni tó ti ṣí ímeèlì wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti ìdájí tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ni. Èmi náà ti fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀ rí. Torí náà ìdáhùn ẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbogbo ọ̀sán yìí wá.

Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí a fi ń sọ bí ọjà ṣe rí, ọ̀wọ́n àti ọ̀pọ̀. Iṣu lè wọ́n, iṣu lè pọ̀, ìgbà ló ń yí. Àmọ́ ohun tí ojú mi ti rí ni pé ọ̀wọ́n lè kúrò lọ́jà kó wá wọnú èèyàn lọ jókòó, débi pé kódà tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, onítọ̀hún ò ní rí i, ọ̀wọ́n ló ṣáà máa máa rí. Ọkàn ọ̀wọ́n ni mò ń pe ìyẹn. Ẹni tó sì ní ọkàn ọ̀pọ̀, kì í ṣe pé owó kún àpò ẹ̀ o, ó lè má ní ju owó zẹ́mì àlọ àtàbọ̀ lọ, ó kàn gbà pé ọjà tóbi ju ibi tí ojú òun mọ lọ ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà náà. Gbogbo yín lẹ mọ ọjà Ouando tó wà ní Àjàṣẹ́ yìí. Tí ẹ bá wọbẹ̀, ẹ máa rí i pé ojú kan làwọn aláta wà, ojú kan làwọn elépo wà, àwọn oní-gàrí náà to igbá wọn tẹ̀ léra wọn bí ìgbà tí wọ́n sin ìlẹ̀kẹ̀ sókùn. Ìsọ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ti Ṣábẹ̀ẹ́ dé síbí, ó máa ń yà mí lẹ́nu, mo máa ń bi ara mi pé kí ló ń ṣe àwọn ìyá yìí gan-an, kí ló dé tí ẹnì kan nínú wọn ò gbé gàrí tiẹ̀ lọ síbi tí òun nìkan á ti máa tà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní já oníbàárà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́? Lọ́jọ́ kan mo bi ìyá tí mo máa ń ra gàrí lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, tí mo bá lọ dá jókòó, ta ló máa mọ̀ pé gàrí wà níbẹ̀?"

Mo dúró sójú kan. Ìsọ̀ ló ń pe èrò, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó wá ra gàrí lọ́dọ̀ ẹnìkejì ẹ̀ ló máa fojú kan tiẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín ara wọn: tí ìyá yìí ò bá ní ṣẹ́ńjì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa bá a ṣẹ́ owó, tó bá dìde lọ kírun, ẹni yẹn ló máa bá a tajà, tí gàrí tó yọ̀ bá tán nínú igbá tiẹ̀, á ní "lọ sọ́dọ̀ ìyáálé mi yẹn, tiẹ̀ dáa", á nawọ́ sí i. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, kò sì sẹ́ni tí ebi pa kú nínú wọn torí pé ẹnìkejì ẹ̀ tajà.

Àwa òǹkọ̀wé ńkọ́? Tí a bá rí ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó máa kọ̀wé ní èdè Faransé, a ó fi pamọ́ bí ẹni fi oògùn pamọ́. Ẹlòmíì á béèrè pé "Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ ti rí iṣẹ́ yìí", àá ní "Ọlọ́run ló ṣe é". Ọlọ́run ló ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ímeèlì tún wà níbẹ̀, a ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Mo sọ ọ́ torí mo ti ṣe é. Àmọ́ lọ́dún kan, iléeṣẹ́ kan ní kí n wá ṣe ògbufọ̀ ìwé kan láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, ìwé nípa ẹ̀rọ tó ń fa omi sóko, iṣẹ́ náà ju agbára mi lọ. Tó bá jẹ́ ìgbà tí mo ṣì wà nínú ọ̀wọ́n ni, mo máa gbà á, mo máa bà á jẹ́. Mo fi í lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ tó ti ṣiṣẹ́ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣe é dáadáa. Ó tó oṣù méje tí mi ò gbúròó ẹ̀, ó wá pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé àwọn oníbàárà òun kan ń wá ẹni tó máa kọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní Yorùbá, òun ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ṣé kí òun fún wọn ní nọ́ńbà mi. Àwọn yẹn ni mo ṣì ń bá ṣiṣẹ́ dòní.

Ohun kejì tí mo rí lọ́jà Ouando tún wọ̀ mí lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan wá ná gàrí lọ́dọ̀ ìyá yẹn lójú mi, ó ná an, ó ná an, ó fẹ́ kó wálẹ̀ débi tí kò dáa. Ìyá ò bínú. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Lọ yí ọjà ká kí o padà wá." Ó sì ń bá a lọ, ó ń fọwọ́ tẹ́ gàrí ẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ìyá yẹn ò mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn máa padà. Kò tiẹ̀ dà bíi pé ó jẹ́ nǹkan kan fún un, torí ó mọ iye tí òun ra gàrí, ó mọ iye tí òun san fún ọkọ̀, ó sì mọ̀ pé ọjà ò tíì tú. Mo lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sùn bọ̀rọ̀, torí mo ń rántí ohun tí ojú èmi fúnra mi rí.

Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, oníbàárà kan ló ń fún mi ní gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àfi bí ìdá kékeré kan. 2,500 fíráǹkì CFA, owó tí à ń ná ní Benin, ni wọ́n ń san lórí ìwé kan tó ní 1,000 ọ̀rọ̀, mo sì ń kọ mẹ́wàá lọ́sẹ̀, 25,000 nìyẹn, ó dà bíi pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Mi ò wá ẹlòmíì. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kọ̀wé pé àwọn máa dín in kù sí 1,500, ṣé mo gbà. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí mo fi dáhùn pé mo gbà. Ìṣẹ́jú méjì! Mi ò bi ara mi pé mélòó ni mò ń jẹ lóṣù, mi ò bi ẹnikẹ́ni pé mélòó ni wọ́n ń gbà níbòmíì, ọ̀wọ́n ló bá mi dáhùn. Látọjọ́ yẹn ni ìwé tí mò ń kọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, mò ń sáré, mò ń tún ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ dà, èmi tí mo máa ń ka gbólóhùn kan sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jẹ́ kó lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n dákẹ́. Wọ́n jẹ mí ní owó ìwé 14, 21,000 fíráǹkì, mi ò rí i gbà títí di ìsinsìnyí. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó yẹn. Ohun tó dùn mí ni pé odindi ọdún kan kọjá tí mi ò yí ọjà ká rárá.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni kọrin, àmọ́ àwa tí a wà lẹ́bàá ẹnubodè yìí ti fojú ara wa rí i. Ṣé ẹ rántí ọdún 2019? Oṣù August ni Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa, wọn ò sì ṣí i padà títí di December 2020. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Igolo, ẹ̀yin tí ẹ mọ Kraké, àwọn ìlú ẹnubodè wa yẹn, ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́. Àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ń kó ọ̀pẹ̀yìnbó àti tòmátì lọ, ó jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjà wọn ò burú, iṣẹ́ wọn ò kéré, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹni tí kì í ṣe tiwọn ló sì mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dání. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tójú wọn rí, mo ní háà, èmi nìyí, èmi àti oníbàárà mi yẹn nìyí.

Àwọn kan wà tó máa ń sọ pé kéèyàn ṣáà máa ro rere, kó máa sọ ọ́ lẹ́nu láàárọ̀ pé olówó ni mí, olówó ni mí, owó á wá. Mi ò gbà. Mi ò bú wọn o, ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára, èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n máa pe àìní nínú ilé mi. Ìyá mi, tí gàrí bá tán nílé, kì í ní "ó ti tán", á ní "gàrí ti lọ mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá". Bí a ṣe dàgbà nìyẹn. Àmọ́ kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ti so ìró ẹ̀ mọ́dìí, ó ti ń jáde lọ ṣẹ́gi tó máa tà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́dọ̀ mi wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ará etí ọ̀sà, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má mọ bí iṣu ṣe ń di iṣu. Iṣu kì í ní kóró tí wọ́n ń dà sílẹ̀ bí àgbàdo, iṣu náà ni wọ́n máa gé tàbí kí wọ́n ṣa kéékèèké inú ẹ̀ jọ, kí wọ́n tún un gbìn sínú ebè, èèbù nìyẹn. Ìyẹn ni pé ohun tí o máa gbìn àti ohun tí o lè sè jẹ, nǹkan kan náà ni, àká kan náà ni wọ́n wà, ìkòkò kan náà ló lè gba méjèèjì. Lọ́dún kan tí òjò kọ̀, tí oúnjẹ wọ́n nílé wa, ẹ̀fọ́ àti láfún là ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, èèbù sì wà lẹ́yìnkùlé tí gbogbo wa ń rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí bàbá jẹ́ ká sè nínú ẹ̀, díẹ̀ ṣáà. Bàbá ní rárá. Ó ní ẹni tó bá jẹ èèbù, oko ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ.

Èmi ò lóye ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo kàn sunkún ni, ọmọdé ni mí. Ìgbà tí mo di òǹkọ̀wé ló yé mi. Tí bàbá mi ò bá gbà lọ́kàn ẹ̀ pé òjò ń bọ̀, kí ló máa tọ́jú èèbù sí? Á sè é fún wa ni, a ó jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó parí. Ìgbàgbọ́ yẹn ló di ọwọ́ ẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ká ní ó gbà pé òjò ń bọ̀ tí kò wá tọ́jú èèbù, tó ṣáà jókòó tó ń sọ pé ọdún yìí á san wá, òjò ìbá rọ̀ sórí ebè òfìfo. Ìrètí àti èèbù, wọ́n jọ ń rìn ni. Ẹni tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ló máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dà bí irọ́ létí èèyàn.

Ó dáa, kí wá ni èèbù wa? Wákàtí méjì àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni tèmi. Bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi tó, tí mo bá jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́tà mẹ́ta ni mo máa kọ́kọ́ kọ sí ẹni mẹ́ta tí a ò tíì jọ ṣiṣẹ́ rí. Kì í ṣe lẹ́tà tí mo da ọ̀rọ̀ kan náà kọ, mo máa ka ohun tí wọ́n ń ṣe, mo máa sọ ohun tí mo lè kọ fún wọn, ó máa ń kúrú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dáhùn. Mi ò kà á sí mọ́, torí ẹni tó bá gbin èèbù kì í wú ilẹ̀ lọ́jọ́ kẹta láti wò ó bóyá ó ti hù. Ibi tí a ti ń kùnà ni pé ìgbà tí owó bá ń wọlé gan-an la máa ń dẹ́kun lẹ́tà, a ní ọwọ́ wa dí, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà iṣẹ́ á tán, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù yẹn sì máa ń rùn jáde nínú lẹ́tà, ẹni tó ń kà á á gbọ́ òórùn ẹ̀.

Owó náà ní èèbù tiẹ̀. Owó yòówù tó bá wọ MoMo mi, àpò owó orí fóònù mi, kí n tó ra ohunkóhun, mo máa yọ ìdá mẹ́wàá sọ́tọ̀, mo ti mọ oṣù tó ń dúró dè é. August ni. Èmi tí mo ní oníbàárà ní ilẹ̀ Faransé, mo mọ̀ pé tó bá ti di August, ọ́fíìsì wọn á dá páropáro, wọ́n á ti lọ sí ìsinmi. Lọ́dún tí mi ò mọ̀, mo rò pé wọ́n ti kọ̀ mí sílẹ̀ ni, ọkàn mi bàjẹ́, mo tiẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn. Ní September ó dáhùn pé òun wà létí òkun ni, iṣẹ́ mẹ́ta nìyí. Ní àárín August yẹn kan náà, ọjọ́ 15, wọ́n ń jẹ iṣu tuntun ní Savalou, ìlù ń dún, èmi ń ro ikú. Oṣù kan náà o.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti iye owó, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọkàn ọ̀pọ̀ kì í dúró láìní ìṣirò. Ìyá oní-gàrí yẹn mọ iye tó rà á. Ìwọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ní ohun tí o nílò lóṣù, ilé, oúnjẹ, dátà, iná, owó tí o fi ń ránṣẹ́ sílé, jẹ́ 150,000 fíráǹkì. Ọjọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù lè tó 20, àmọ́ má tan ara ẹ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lo fi ń kọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún, o máa fi òmíràn kọ lẹ́tà, o máa fi òmíràn bẹ ẹni tó jẹ ọ́ lówó, ọjọ́ mìíràn iná ò ní sí. Tó bá ku 12, pín 150,000 sí 12, ó jẹ́ 12,500. Iye ọjọ́ iṣẹ́ ẹ kan nìyẹn. Ìwé tó máa gba odindi ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ san 5,000 lórí ẹ̀, àpò ìwọ fúnra ẹ lo ti ń mú owó ṣe é. Tó bá jẹ́ orí Fiverr, ọjà iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lo ti ń ṣe é, rántí pé wọ́n máa mú 20 nínú 100, dọ́là 100 tí o rí lójú, 80 ló máa dé ọwọ́ ẹ. Tó bá jẹ́ yúrò, ìyẹn rọrùn, 655.957 fíráǹkì ni yúrò kan, kì í yí padà, o lè fi ṣírò lórí láìbẹ̀rù. Ẹni tó bá ti kọ nọ́ńbà ẹ̀ sára ògiri, tí wọ́n bá ní "ó wọ́n jù", ohùn ẹ̀ ò ní gbọ̀n. Á ní ẹ ṣeun, ẹ yí ọjà ká. Kí o sì gba ààbọ̀ owó kí o tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tuntun, ìyẹn ò sọ ọ́ di ahun, télọ̀ àdúgbò yín náà máa ń gba àsansílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ń dúró de ti ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé. Ọjọ́ 30 oṣù November 2022 ni ChatGPT jáde, mi ò sì ní parọ́ fún yín, ó mú iṣẹ́ lọ. Irú ìwé 1,500 fíráǹkì tí mo sọ yẹn, ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kọ láìdìde lórí àga, ó ti lọ, mo pàdánù oníbàárà méjì, mo sì sunkún ọ̀kan nínú wọn torí ẹni tó dáa ni. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rù yẹ kó bà ọ́, kí ẹ̀rù yẹn sì gbé ọ dìde. Àmọ́ ẹ wo ohun tó kù nílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò lè gun zẹ́mì lọ bá àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí lẹ́yìn Ṣábẹ̀ẹ́ kó bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé wá ò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò lè jókòó lórí ìpàdé ní Kétu kó mọ̀ pé bàbá tó dákẹ́ níkọ̀rọ̀ yẹn lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ sì wo èdè tó wà lẹ́nu yín: ẹni tó gbọ́ Faransé, tó gbọ́ Yorùbá, tó tún gbọ́ Gùn, tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò burú torí ó ní ẹ̀gbọ́n ní Ìdìròkò, ẹ máa rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn torí gbogbo àdúgbò yín ló rí bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìwé ìlera wà tí wọ́n fẹ́ kó yé ìyá ọmọ, ìpolówó rédíò wà, ọ̀rọ̀ inú fóònù wà tí wọ́n fẹ́ kọ ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Benin, Nàìjíríà àti Tógò ni àwọn tó ń sọ Yorùbá wà.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ máa kọ́ wa. Lóru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́jọ́ kejì, akọrin máa jáde, ó máa fi orin kí àwọn ìyá wa, ó máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú, ó máa yìn, ó máa bú, tó bá tún di ọdún mìíì, orin mìíì ló máa gbé wá. Lọ́dún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé pé ogún tó yẹ kí wọ́n tọ́jú ni. Ẹ wá máa sọ fún mi pé ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ, pé ẹnì kan ti jí àbá yín lò. Ó jí ọ̀kan. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ kì í fi orin ọdún tó kọjá pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Ìlara, díẹ̀ ni mo máa sọ. Tí o bá rí i pé ẹnìkejì ẹ gba iṣẹ́ tí o fẹ́, ó máa dùn ọ́, má purọ́. Pè é kó tó di alẹ́, kí o ní "o kú oríire", kí o bi í bó ṣe kọ lẹ́tà ẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Nígbà tí mo fipá ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ọ̀fun mi fẹ́ẹ̀ há. Ẹni yẹn ló wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ iye owó lórí ọ̀sẹ̀ dípò orí ọ̀rọ̀.

Ibi tí mo dé rèé tí ọmọbìnrin kan tó ti Kétu wá nawọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, àmọ́ tí kò bá sí nǹkan kan nínú ìkòkò ńkọ́, tí ọmọ ń sunkún, báwo ni mo ṣe máa ní kí oníbàárà lọ yí ọjà ká?" Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ìbéèrè tó dáa jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Mo ní, àbúrò mi, gba iṣẹ́ 1,500 yẹn. Gbà á, ṣe é, fi bọ́ ọmọ. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fojú burúkú wò ọ́, bàbá mi náà jẹ láfún lọ́dún yẹn. Àmọ́ kọ ọjọ́ sí i, sọ fún ara ẹ pé mò ń ṣe é di ìparí oṣù tó ń bọ̀, kí o sì máa fi àárọ̀ Mọ́ńdè kọ lẹ́tà kódà tó bá jẹ́ ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó jẹ láfún torí ó ń tọ́jú èèbù àti ẹni tó ń jẹ láfún torí ó ti gbà pé òun ò ní jẹ iṣu mọ́ láyé òun. Tó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ máa ta nǹkan tàbí kí o máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́, ṣe é, o ò kúrò nínú iṣẹ́ ìwé, ẹni tó ti jẹun ló máa ń kọ lẹ́tà tí ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n. Mo fi ọdún kan àtààbọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Lásìkò yẹn gan-an ni mo kọ àwọn lẹ́tà tó dáa jù tí mo tíì kọ.

Ó ní ta ni kí òun kọ ọ́ sí, òun ò mọ ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí ni ìyá ẹ̀ ń ṣe, ó ní ìyá òun ń rọ epo, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń rọ epo ní àdúgbò wọn, wọ́n tó ogún, wọ́n ń wá ẹni tó máa ra epo wọn ní Kútọnu. Mo ní ta ló ń bá wọn kọ̀wé sí àwọn tó ń rà á? Kò sẹ́ni kankan.

Mo ní ẹ jẹ́ ká mú fóònù jáde, gbogbo wa, kí kálukú kọ orúkọ ẹni kan tó mọ̀ tó ní nǹkan láti sọ tí kò rẹ́ni bá a kọ ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìka lórí fóònù. Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ gbójú sókè, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá "Ẹ̀yin ìyá wa" ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀ àbí kí òun fi orúkọ ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Mo ní "Ẹ̀yin ìyá wa" dáa.